Ọmọ Ogun Inú Ara Ìyá: Ṣé Àwọn Ni Ó Ń Ba Oyún Jẹ́?

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọdún mẹ́rin gbáko ni èmi àti ìyàwó mi fi sunkún nínú ilé wa, ṣùgbọ́n nínú ẹkún náà ni ojú wa ti là sí ọ̀ràn kan tí mo rò pé kò yẹ kí n fi pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀ràn oyún tí ó ń bàjẹ́ léraléra ni, tí àwọn dókítà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn tí wọn kò sì rí ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ń ta àǹkárá lọ́jà. Oyún wa àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní oṣù kejì. A ní kò burú, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Èkejì wálẹ̀ ní oṣù kẹta. Nígbà tí ẹ̀kẹta tún wálẹ̀, ìyàwó mi ti ìsọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ibà ni. Ní ọjọ́ kẹrin ó padà sọ́jà, ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ó ń bá wọn ṣàwàdà, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi gbọ́, ó sì wá láti abúlé. Kò pariwo. Ó mu omi tán, ó wá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní: “Ọmọ mi, mo fẹ́ràn ìyàwó rẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń bá ọmọ wa jà. Ilé ọmọ rẹ̀ kò gba àlejò. Wá nǹkan ṣe sí i.” Mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ “wá nǹkan ṣe.” Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù yẹn kan náà, ọ̀rẹ́ kan júwe ilé ìtọ́jú aládàáni kan fún wa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi. Nígbà tí èsì dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá wa lóhùn fi ìka tọ́ nọ́ńbà kan nínú ìwé náà, ó ní: “Ẹ wò ó, Màdáámù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì apani inú ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ jù. Àwọn ni ó ń pa ọmọ yín.” Abẹ́rẹ́ wà tí wọn yóò fi tẹ̀ wọ́n lórí ba, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju owó oṣù mi fún ọdún kan lọ.

Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Nígbà tí ó yá, ó ní: “Tíṣà, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?”

Èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ìyá mi àti ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin elésì yìí, ọ̀kan náà ni. Ọ̀kan wọ bùbá, èkejì wọ aṣọ funfun dókítà. Àwọn méjèèjì ní ara ìyá ni ọ̀tá ọmọ.

Mo ti kọ orúkọ mi sí ìwé láti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, kí ọkàn mi tó sọ pé kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ dókítà àgbà obìnrin kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ohun tí ó sọ fún wa ní ọjọ́ náà, àti ohun tí mo tún kà fúnra mi fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ là yé yín.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó TI PẸ́

Ní ọdún 1953 ni onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Medawar, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1915, bèèrè ìbéèrè kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti ṣe ìwádìí lórí awọ ara fún àwọn tí iná jó. Ó rí i pé bí a bá bó awọ lára ẹnìkan tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹlòmíràn, kì í pẹ́ tí ara onítọ̀hún yóò fi mọ̀ pé àjèjì ni, tí yóò sì tì í dànù. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé èyí ni òun àti Macfarlane Burnet ti ilẹ̀ Ọsirélíà fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1960.

Medawar wá bèèrè pé: ọmọ inú oyún ńkọ́? Ìdajì ohun tí a fi dá a, ọ̀dọ̀ bàbá ni ó ti wá. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdajì àlejò ni lára ìyá. Báwo ni ìyá ṣe ń gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ara rẹ̀ kò tì í dànù bí awọ àjèjì?

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ìyá mi gan-an nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó yàtọ̀ sí ohun tí ìyá mi rò.

ONÍBODÈ ÀTI ILÀ OJÚ ÀLEJÒ

Bí mo ṣe ń yà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni n ó ṣe yà á fún yín. Ara ènìyàn dà bí ìlú olódi ayé àtijọ́. Oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ogun sì ń rìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a gbéjà kò ó. Láàrin àwọn ọmọ ogun yìí ni irú kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sweden sọ lórúkọ ní 1975. Wọ́n rí i pé kì í dúró gba ẹ̀kọ́ kankan kí ó tó pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di jẹjẹrẹ. Nítorí náà wọ́n pè é ní apani àbínibí, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà méjì pè, NK. Orúkọ náà ni ó dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo inú ilé ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ ogun tí ó wà níbẹ̀, nǹkan bí 70 ni ó jẹ́ NK. Wọ́n pé jọ síbi tí ibi ọmọ ti ń ta gbòǹgbò, ìyẹn ibi tí ó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní bẹ̀rù? Apani pọ̀ tó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ!

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n sí i ni wọ́n ń rí i pé NK inú ilé ọmọ kì í ṣe irú NK inú ẹ̀jẹ̀. Agbára ìpànìyàn wọn kò tó nǹkan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀nà lílà. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ ilé ọmọ tóóró, wọ́n sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Kí ọmọ tó lè rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tó, iṣan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí ìdí ibi ọmọ, kí ó má ṣe máa tú jáde bí omi ẹ̀rọ tí ó bẹ́. Àwọn NK yìí àti sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ ni ó jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n yẹ nǹkan bí 70,000 sẹ́ẹ̀lì wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín NK ilé ọmọ sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọmọ yàtọ̀ sí àrùn? Sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ gbé àmì kan tí ó jẹ́ ti bàbá wá sí ẹnu bodè, bí àlejò tí ó gbé ilà ojú ìdílé rẹ̀ wá. NK sì ní ohun tí ó fi ń ka ilà náà. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé wàhálà kì í sábà wá láti inú pé NK jí jù. Bí ilà ojú náà bá mú kí NK káwọ́ gbera jù, ọ̀nà kì í là dáadáa, ibi ọmọ kì í sì rí ẹ̀jẹ̀ tó. Annettee Nakimuli, dókítà ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, pẹ̀lú Ashley Moffett ti Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi irú èyí hàn ní 2015 nínú ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó máa ń kọlu aboyún. Wọ́n tún rí i pé apilẹ̀ àbùdá tí ó ń dáàbò bo àwọn obìnrin Uganda kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rí lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí a rí lára obìnrin aláwọ̀ funfun nìkan kò tó láti fi dájọ́ ara obìnrin tiwa.

ÀWỌN ONÍLÀJÀ

Yàtọ̀ sí NK, ọmọ ogun mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìlàjà. Bí àwọn yòókù bá fẹ́ sọ ìjà di ogun abẹ́lé, òun ni yóò ní kí wọ́n fi idà bọ àkọ̀. Shimon Sakaguchi ti ilẹ̀ Japan ni ó fi wọ́n han aráyé ní 1995, òun pẹ̀lú Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ti Amẹ́ríkà sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí wọn ní 2025.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Cambridge dán wọn wò lára eku. Nígbà tí wọ́n mú onílàjà kúrò lára abo eku, oyún tí akọ láti ìdílé mìíràn fún un bàjẹ́. Èyí tí akọ láti inú ìdílé tirẹ̀ fún un kò bàjẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, onílàjà ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àlejò.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé àwọn onílàjà yìí kéré nínú ilé ọmọ àwọn obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ṣé àìtó wọn ni ó ba oyún jẹ́, tàbí oyún tí ó ti bàjẹ́ ni ó mú kí wọ́n dínkù? Ẹni tí ó bá iná lórí òrùlé tí ó sì bá ènìyàn nílẹ̀ níbẹ̀ kò tíì mọ̀ bóyá òun ni ó dáná sí i tàbí òun ni ó wá pa á. Ibi tí ìmọ̀ dé lórí ọ̀ràn náà nìyẹn.

ABẸ́RẸ́ OLÓWÓ IYEBÍYE

Nígbà tí a gbé èsì àyẹ̀wò wa fún dókítà àgbà yìí, ó wò ó, ó sì dá a padà sórí tábìlì.

Ó ní: “Tíṣà, NK inú ẹ̀jẹ̀ apá ni wọ́n kà níbí. Ti inú ilé ọmọ yàtọ̀. Ẹ ò lè ka ọlọ́pàá tí ó dúró ní títì Èkó kí ẹ fi mọ iye lébìrà tí ó ń ṣe ọ̀nà ní Ìlọrin. Bí ìyàwó yín bá sáré gun àtẹ̀gùn wá síbí tàbí tí ẹ̀rù ń bà á, nọ́ńbà yìí lè yí padà.”

Mo ní: “Màmá, abẹ́rẹ́ náà ńkọ́?”

Ó wá sọ ìtàn kan fún wa. Ní 1985, àwọn dókítà kan ní London gba sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkọ, wọ́n sì gún un fún àwọn ìyàwó tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn, kí ara ìyá lè mọ ọkọ dunjú. Èsì wọn dára lójú. Òkìkí rẹ̀ kàn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé sì ń gún un. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìdánwò gidi jáde, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn kan ní sẹ́ẹ̀lì ọkọ, tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ èwo ni wọ́n gún òun. Nínú 100 tí wọ́n gún ní sẹ́ẹ̀lì ọkọ, 36 ni ó yọrí sí rere. Nínú 100 tí ó gba omi iyọ̀, 48 ni. Àwọn tí wọn kò ṣe ohunkóhun fún ni ó sàn jù! Ní 2002, àjọ tí ó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má gún un mọ́ bí kò ṣe nínú ìwádìí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Màmá ní: “Ogún ọdún ó lé ni ìtàn yẹn ti wáyé, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń ta ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tí ó bá ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba, ó lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn. Ẹ má yáwó kankan.”

Ó tún sọ ohun tí ó mú kí ìyàwó mi gbé orí sókè. Ní 2015, wọ́n tẹ ìdánwò kan jáde lórí àwọn obìnrin 836 tí oyún ti ń bàjẹ́ lára wọn láìnídìí. Wọ́n fún apá kan ní oògùn progesterone láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, wọ́n sì fún apá kejì ní oògùn ẹ̀tàn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nínú 100 tí ó lo oògùn, nǹkan bí 66 ni ó gbé ọmọ. Nínú 100 tí ó lo ẹ̀tàn, 63 ni ó gbé ọmọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ tún nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn wò: láìsí oògùn kankan, 63 nínú 100 ni ó gbọ́ igbe ọmọ. Abájọ tí onírúurú àgbo àti abẹ́rẹ́ fi ń gba ìyìn tí kì í ṣe tiwọn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí ẹ káwọ́ gbera. Nǹkan bí 15 nínú 100 oyún tí a mọ̀ sí ni ó ń bàjẹ́ káàkiri ayé, ó sì tó ìdajì lára àwọn tí ó tètè bàjẹ́ tí ó jẹ́ pé ọmọ náà kò bọ́ sójú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ohun tí ó jẹ́ ogún bàbá àti ìyá. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà, kí ọkọ àti ìyàwó sì jọ lọ.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àìsàn kan tí ń jẹ́ antiphospholipid. Níbí ni ọmọ ogun ara ti ń ṣe àṣìṣe ní tòótọ́, tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ. Ó ní àyẹ̀wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ 12 wà láàrin, kí ó tó dájú. Ó tún ní ìtọ́jú: ní London ní 1997, nínú ìdánwò tí obìnrin 90 wà, 42 nínú 100 àwọn tí ó lo aspirin nìkan ni ó bímọ láàyè, ṣùgbọ́n 71 nínú 100 ni ti àwọn tí ó lo aspirin pẹ̀lú abẹ́rẹ́ heparin. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ fúnni o, kì í ṣe oníkẹ́míìsì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àtọ̀gbẹ wò, kí wọ́n wo bí ilé ọmọ ṣe rí, kí wọ́n sì wo ẹṣẹ́ tí ó wà ní ọrùn. Ẹ sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí aboyún sì gba oògùn ibà tí wọ́n ń fún wọn ní ilé ìwòsàn láti nǹkan bí oṣù kẹrin, nítorí ibà ń ba ibi ọmọ jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún lára obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ẹ tètè lọ bèèrè nípa progesterone. Ìdánwò ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019 fi hàn pé irú àwọn wọ̀nyí gan-an ni ó lè ràn lọ́wọ́.

Tiwa, wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwọn tọkọtaya bíi tiwa tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń rí bẹ́ẹ̀. Inú bí mi nígbà náà. Mo ti fẹ́ orúkọ kan tí n ó máa pe ọ̀tá wa. Ṣùgbọ́n “a kò rí ìdí rẹ̀” sàn ju irọ́ olówó iyebíye lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìyàwó mi tún lóyún. A kò gún abẹ́rẹ́ kankan. Màmá ń rí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó ń jẹ́ kí ó gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Oyún náà dúró. N kò lè sọ fún yín ohun tí ó mú un dúró tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fi dúró, n kò sì ní purọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì dúró.

Nígbà tí oyún náà pé oṣù méje, ìyá mi tún wá láti abúlé. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ ogun àti oníbodè àti ilà ojú fún un ní Yorùbá, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ó gbọ́ títí, ó ní: “Nígbà náà, ara rẹ̀ kò bá ọmọ jà?”

Mo ní: “Rárá, Ìyá. Ọ̀nà ni wọ́n ń là fún un.”

Kò tún sọ ohun mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí, n kò bá a nínú ilé. Ọjà ni ó lọ. Ó gbé abọ́ èkuru gbígbóná lọ sí ìsọ̀ ìyàwó mi, ó jókòó tì í láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí tí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó sì bá a ká aṣọ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí a bí ọmọbìnrin náà, àwọn kan nínú ẹbí ní kí a sọ ọ́ ní Dúrójayé, kí ó má baà padà síbi tí ó ti ń bọ̀. Ìyá mi ni ó kọ̀. Ó ní ọmọ yìí kò lọ síbì kankan rí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ń wá nìyí, wọ́n sì la ọ̀nà fún un kí ó tó dé. Ayọ̀délé ni a sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá bèèrè lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀ irú ohun tí tèmi bèèrè, ẹ má dákẹ́ bí mo ti dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé òun kọ́.